Ilẹ̀ Bàbá Modu Kì í Ṣe Ìyókù

Ọkọ̀ kan máa ń gba àdúgbò wa kọjá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e lórí, ọmọkùnrin kan á sì máa pariwo nínú rẹ̀ pé, "Ìyókù ilẹ̀ rèé o! Ẹ tètè wá mú tiyín! Ìyókù ilẹ̀ rèé o!" Ariwo náà ti mọ́ àwọn aládùúgbò mi lára débi pé wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti gbọ́ "ìyókù ilẹ̀", ẹ̀wà tí mò ń ṣà á dúró sí mi lọ́wọ́, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe mí. Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọ̀rọ̀ tó ń pè yẹn ni èmi náà pè nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, òun ni mo sì fi ba oko ilé kan jẹ́. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ bá pe ilẹ̀ ẹlòmíì ní òfìfo.

Maiduguri ni wọ́n bí mi sí. Awọ̀nlẹ̀ ìjọba ni bàbá mi, wọ́n gbé e láti ìhà Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀; tíṣà ni ìyá mi. Old GRA la ń gbé, níbi tí igi dóńgóyárò ti to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, tí ẹ ò ní gbọ́ ju ohùn ẹyẹ àti ìgbálẹ̀ lọ láàárọ̀. Ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú ìpínlẹ̀ nígbà náà ni. Yunifásítì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé lójú ọ̀nà Bama, àwọn olùkọ́ àti dókítà láti ilẹ̀ Yorùbá sì ń dé lọ́ṣooṣù pẹ̀lú àpótí aṣọ tí kò bá oòrùn ibẹ̀ mu. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pé sí ilé wa lẹ́yìn ìsìn, àtonígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń sọ jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀: ta ló ti rí ilẹ̀, níbo ló wà, báwo ló ṣe tó. Bàbá mi á wá máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ ń gbà kọjá.

Nínú ilé wa, Yorùbá ni àwọn òbí wa ń sọ, Hausa ni àwa ọmọ ń bá ara wa sọ. Ọjà Yerwa ni mo ti kọ́ Hausa tèmi, níbi tí ìyá mi ti máa ń rán mi lọ dúnàádúrà nítorí pé wọ́n kì í fi ọ̀wọ́n ta nǹkan fún mi. Ní ti bàbá mi, ó ti lo ọdún mẹ́tàlá níbẹ̀ nígbà náà láìgbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Bí ẹnì kan bá kí i káàárọ̀ pé "Ina kwana", á ní "Nawa?", ìyẹn èló ni, àfi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta àárọ̀ fún. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi fẹ́ràn oko. Ó gbin iṣu sẹ́yìn ilé wa nínú yanrìn, ó ń bu omi sí i bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ohun tó sì wa jáde kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó se é, a jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ebè iṣu yẹn ló mú wa mọ Bàbá Modu. Kanuri ni, àgbẹ̀ láti abúlé kékeré kan ní ìhà Dalori, ó wá fi zana ṣe ọgbà fún wa, ìyẹn ẹní koríko tí wọ́n ń hun. Ó rí ebè náà, ó wò ó títí, ó bi mí ní Hausa pé òkú ta ni wọ́n sin síbẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ìyá mi kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Modu ní kó fi yanrìn sílẹ̀, kó wá gba ilẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun kó fi gbin ẹ̀pà. Kò gba kọ́bọ̀. Iyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá mi ń kó lọ fún wọn, ó ní ti ìyàwó òun ni.

Báyìí la ṣe di ará oko ní gbogbo Sátidé ìgbà òjò. A ò tíì dé ẹnu ọgbà tí Ya Falmata, ìyàwó Bàbá Modu, á ti máa kí wa pé "Wushe! Wushe!" láti ibi ààrò. Yàrá alámọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní, pẹ̀lú àká ọkà tí wọ́n gbé sórí òkúta kí ikán má bàa dé e. Omi jìnnà sí wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó lágídí ló ń pọn ọ́n pẹ̀lú Yagana, ọmọ wọn, tí òun àti èmi jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé aláìní ni aláìmọ̀, ẹ ò bá ti wo ilé yẹn. Wọn kì í da nǹkan nù. Pòròpórò ọkà bàbà ni igi ìdáná, òun ni ọgbà, òun ni ibùsùn, èyí tó bá kù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Eérú ààrò ń lọ sí oko ilá. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń lọ sí oko jéró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo mọ̀ pé ebi máa ń pa wọ́n nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí àká bá ti gbẹ, nítorí pé Yagana kì í jẹ ìpápánu tí mo bá mú wá fún un lójú mi. Ó máa ń dì í sí etí aṣọ fún àbúrò rẹ̀.

Ibi mẹ́rin ni ilẹ̀ wọn wà, mo sì lè rìn ín dòní bí mo bá di ojú. Jéró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà ní òdì kejì ọ̀nà, níbi tí wọ́n gé tiwa sí. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó máa ń mu omi òjò sínú, níbi tí wọ́n ń lọ́ masakwa sí, ọkà bàbà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: wọ́n á fi igi gún ihò, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á ki ọ̀dọ́ ọkà bọ̀ ọ́, ó sì máa ń dàgbà nínú ọyẹ́ láìrí òjò kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin ni ó tóbi jù, koríko ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú igi gáwò ńlá kan láàárín. Igi yẹn máa ń wọ́ ewé nígbà òjò, á tún rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá Modu ní igi náà àti òjò ló ń ṣe ọ̀tá. Àwọn darandaran tó ń kọjá máa ń so màlúù sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ màlúù náà á sì wà níbẹ̀. Lábẹ́ koríko yẹn, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ wá a, ẹ óò kan poro àtijọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń sinmi, lẹ́yìn náà wọ́n á gbin jéró síbẹ̀, ilẹ̀ tó ti rẹ̀ lára àwọn yòókù á wá gba ìsinmi tirẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ló ń gbé gbogbo ilé dúró. Yagana mọ̀ ọ́n, ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ibi eré wa ni mo pè é.

Ọdún kẹta tí ilẹ̀ náà fi sinmi ni ọ́fíìsì bàbá mi rán an kó lọ kọ gbogbo ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ sínú ìwé: èyí tí wọ́n ń lò, èyí tí wọn ò lò. Ìlú ń gbèrú, wọ́n ń wá àyè. Ògbufọ̀ ọ́fíìsì wọn lọ sìnkú nílùú rẹ̀. Bàbá mi lè dúró kó dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Kò dúró. Ó ní, "Ìwọ ṣáà gbọ́ Hausa ju àwọn Hausa lọ, bọ́ sínú mọ́tò." Mo bọ́ sínú láńdírófà, mo jókòó níwájú, orí mi wú. Mo wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi.

Bàbá Modu mú wa rìn yípo. Yagana ń tẹ̀ lé wa, ó ń wo bàtà mi. Mo túmọ̀ jéró, mo túmọ̀ ẹ̀pà, mo tilẹ̀ fi igbéraga túmọ̀ masakwa, bàbá mi sì ń kọ ọ́. Oòrùn ti mú. Nígbà tí a dé ìdí igi gáwò, Bàbá Modu na ọwọ́ sí ilẹ̀ koríko náà, ó ní, "Wannan saura ce."

Ní ọjà Yerwa, saura ni ohun tó kù. Bí ẹ bá ra tòmátì tí ẹ ò ra gbogbo rẹ̀, saura ni èyí tó kù nínú abọ́. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Lẹ́nu àgbẹ̀, saura ni ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí, nítorí pé kò sí àgbẹ̀ ní Old GRA.

Mo ní, "Bàbá, ó ní ìyókù ni."

"Ìyókù? Tí wọn kì í lò? Bi í bóyá ó ń dáko níbẹ̀."

Mo bi í: "Baba, kana noma a nan?"

Bàbá Modu rẹ́rìn-ín, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa koríko díẹ̀ kí a lè rí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bó ṣe dú. Ó ní, "Bana, a'a. Sai baɗi, 'yata."

Mo ní, "Ó ní rárá." Mo ṣì fẹ́ sọ èyí tó kù, mo ní, "Bàbá, ó tún ní—" ni bàbá mi bá gbé ọwọ́ òsì sókè, ọ̀tún ṣì ń kọ̀wé. Ó ní, "Ó tó. Rárá ti tó." Ó kọ ọ́. Ó fún Bàbá Modu ní páádì yíǹkì, Bàbá Modu tẹ̀ka sínú ìwé náà, bàbá mi bá a bọwọ́, Ya Falmata sì gbé ẹ̀pà sísè fún wa nínú igbá. A jẹ ẹ́ títí dé ilé.

Ẹyin lohùn, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú jù. Ọmọ àgbẹ̀ ni bàbá mi. Lóko bàbá rẹ̀, tí mo dé nígbà tí a lọ sílé fún Kérésì, ilẹ̀ máa ń sinmi. Bàbá àgbà fi ọ̀pá tọ́ka sí igbó kan hàn wá, ó ní ọdún márùn-ún nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jẹ́ pè é ní ìyókù. Bàbá mi dúró lórí poro àtijọ́ ní Dalori pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì. Ó rí ìgbẹ́ màlúù. Ó rí ilẹ̀ dúdú tí ọkùnrin yẹn fi ẹsẹ̀ wa jáde hàn án. Ojú rẹ̀ gbọ́ èdè tí etí rẹ̀ ò gbọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ di ojú náà nítorí pé oòrùn mú, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ ìwé tó mọ́.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí wọ́n fi wáyà yí ilẹ̀ náà ká. Wọ́n fi í fún ọ̀gá kan tí a ò mọ̀, tí kò sì wá síbẹ̀ rí. Wọ́n gé igi gáwò lulẹ̀ nítorí pé ó wà lójú ọ̀nà wáyà. Sátidé tí a dé ibẹ̀, Bàbá Modu jókòó síwájú ilé, kò dìde. Ya Falmata kí wa, ṣùgbọ́n ó kí wa lẹ́ẹ̀kan péré. Yagana fà mí lọ sẹ́yìn àká.

Ó ní, "Me kika ce masa?" Kí ni mo sọ fún bàbá mi?

Mo sọ fún un. Mo fi Hausa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo fi túmọ̀ Hausa rẹ̀. Ó wò mí, kò sunkún. Ó ní, "Saura ba ragowa ba ce." Ìsinmi kì í ṣe àjẹkù. Ó sọ ọ́ bí tíṣà ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ fún ọmọ tó lọ́pọlọ dídi, ó sì lọ da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀.

Mo dé ilé, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Mi ò rí ìyá mi kó bínú báyẹn rí. Ó bá bàbá mi nídìí tábìlì oúnjẹ, ó ní kó padà sí ọ́fíìsì, kó lọ tún un kọ. Bàbá mi ní ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Kí ni kí n wá ṣe?"

Ìyá mi ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ńkọ́, Bàbá Tóyìn? Ṣé ìwọ náà ò mọ ẹ̀fọ́?"

Bàbá mi tẹjú mọ́ àwo. Ó ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀. Tóyìn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun ló sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìyá wa nìkan lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Bàbá mi ò lọ. Bí ó bá lọ, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe ògbufọ̀. Ìtìjú rẹ̀ wúwo lójú ara rẹ̀ ju ilẹ̀ onílẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mẹ́ta ò lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Bàbá Modu ń gbin jéró sórí jéró lọ́dọọdún, jéró náà ń kúrú sí i, títí tí ṣírí rẹ̀ ò fi gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn darandaran gba ibòmíì. Ó ta ewúrẹ́, ó ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyá mi dá ilẹ̀ ẹ̀pà wa padà, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn tó ṣe? Nígbà tí mo wọ kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ṣí géètì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí omi ẹ̀rọ ò yọ, mo bá Bàbá Modu níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ omi. Ó ń ta omi kiri Old GRA. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì béèrè ti bàbá mi. Mo bi í nípa Yagana, ó ní wọ́n ti fún un lọ́kọ, níbi tó jìnnà, lápá adágún. Ó da omi sínú dúrọ́ọ̀mù wa láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀. Mi ò tọrọ àforíjì. Mo gbọ́ Hausa ju àwọn Hausa lọ, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Nígbà tí mo parí ní yunifásítì, mo gba ibẹ̀ kọjá. Wáyà ti dógùn-ún, àgádágodo wà lẹ́nu géètì, koríko ga dé èjìká. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ilé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbin nǹkan. Wọ́n ní kò wúlò ni wọ́n fi gbà á, wọ́n gbà á tán, wọ́n wá sọ ọ́ di aláìwúlò ní ti gidi. Mo dúró lójú títì, mo ṣépè lédè mẹ́ta.

Púpọ̀ ti yí padà. Bàbá mi ti lọ, Bàbá Modu náà á ti lọ. A kúrò ní Maiduguri. Mo gbọ́ pé lẹ́yìn tí ogun dé, àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí oko wọn kún ìhà Dalori, wọ́n ń sùn lábẹ́ tápólì. Mo máa ń rò ó bóyá Yagana wà lára wọn, obìnrin arúgbó bíi tèmi, tó ń gba omi nínú ìlà nítòsí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mi ò mọ̀. Èyí tí kò yí padà ni pé ẹni tó bá ní páádì yíǹkì ṣì máa ń gbé ọwọ́ sókè kí àgbẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní Sátidé yìí, mo jáde sójú títì, mo dá ọkọ̀ náà dúró. Mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Ìyókù ta ni?"

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ìyókù tiwa ni o, ti kọ́ńpìnì wa."

"Kí ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Koríko lásán ni."

Mo ní, "Ta ló bi àwọn tó ni koríko léèrè?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní ẹ̀mí gígùn, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ-ọmọ mi, tí mo ti ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún láàárín ọ̀sẹ̀, dì mí lọ́wọ́ mú kúrò lójú títì. Ó ní, "Màmá, kí gan-an ni bàbá yẹn sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo sọ ọ́ fún un, ní Yorùbá, bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ nídìí igi gáwò. Bàbá Modu ní: Ilẹ̀ yìí ń sinmi ni. Lọ́dún yìí, a ò ro ó. Ó di àmọ́dún, ọmọ mi. Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé ọwọ́ sókè.